Dígírì Ń Pọ̀ Sí I Ní Ìkòròdú, Àbí Orúkọ Ló Yí Padà?

Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri, ní gáréèjì Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, títí dé Àgbádárìgì: "Dígírì ti pọ̀ jù báyìí, gbogbo ọmọ ló ń gbà á." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ lásán, ó ní orísun. Ọdún 2022 ni Pólì Ìkòròdú di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LASUSTECH. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n da Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà tó wà ní Ìjánikin, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, pọ̀ mọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá tó wà ní Noforija, Ẹ̀pẹ́. Àwọn méjèèjì di LASUED, yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí kò láṣẹ láti fi orúkọ ara wọn fún ọmọ ní dígírì gba àṣẹ náà láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá wá fa ìlà sórí ìwé, tó ń fi ìlà náà tẹ̀ lé iye dígírì tó ń jáde lágbègbè wa lọ́dọọdún, á rí i tí ìlà náà fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Iye ìwé-ẹ̀rí lè pọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo kún àwọn tó ń kàwé. Ó sì lè dín kù nígbà tí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ń kún fọ́fọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kọ́ọ̀sì kan ń kú tàbí pé òmíràn ń gòkè, ó yẹ kó mọ ohun tó ń kà gan-an, kó sì mọ ọdún tí ohun tó ń kà náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pólì, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú jù. Ọdún 2 ni ND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì. Ọmọ á lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, fún ọdún 1, á padà wá ṣe HND, ìwé-ẹ̀rí gíga ti pólì, fún ọdún 2. Ẹnì kan, ìwé-ẹ̀rí 2. Ní yunifásítì, ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ìwé-ẹ̀rí 1 péré ló sì wà níbẹ̀. Ká sọ pé ọmọ 1,000 ló wọlé lọ́dún kan. Bí gbogbo wọn bá gba ND, tí 600 nínú wọn sì padà wá gba HND, ìwé-ẹ̀rí 1,600 ni pólì ti pín. Ẹ wá kó àwọn 1,000 yẹn kan náà lọ sí yunifásítì, kí gbogbo wọn sì yege: 1,000 ni. Ẹni tó ń ka gbogbo ìwé-ẹ̀rí pọ̀ á ní ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń joro. Ẹni tó ń ka dígírì nìkan á pariwo pé láti òdo ló ti gun 1,000. Àwọn ọmọ kan náà ni o, inú ọgbà kan náà, bóyá orí bẹ́ǹṣì kan náà pàápàá.

Ìdí tí ìyípadà yìí fi dùn mọ́ àwọn òbí nínú kò farasin. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìpele 08 ni ẹni tó ní dígírì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele 07 ni wọ́n ń gbé ẹni tó ní HND sí, tó bá sì dé ìpele 14, ọ̀nà á dí. Ó pẹ́ tí àríyànjiyàn ti wà lórí ìyàtọ̀ yẹn, àwọn aṣòfin àpapọ̀ pàápàá ti dá sí i, ṣùgbọ́n ohun tí òbí rí lójú ló ń fi ṣèpinnu. Nítorí náà, nígbà tí pólì bá di yunifásítì, àwọn tí ì bá gba ibòmíràn lọ á yà síbẹ̀. Apá kan nínú iye tó pọ̀ sí i jẹ́ ti orúkọ, apá kan jẹ́ ti àwọn tí orúkọ náà fà wá. Ìwé kan ṣoṣo kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àfi kí ẹ wo iye ọmọ tó wọlé sí ìpele kìíní ṣáájú 2022 àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó wo iye tó jáde.

Ti àwọn olùkọ́ tún le ju èyí lọ. Ní 1958, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tó wá di ti Ìjánikin bẹ̀rẹ̀, Gíréèdì Tírì, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ìgbà náà, ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀. Nígbà tó yá ó di ibi tí wọ́n ti ń gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó ga ju ti Gíréèdì lọ, ó gba orúkọ Adéníran Ògúnsànyà, ọmọ Ìkòròdú tó ṣe òṣèlú títí ayé rẹ̀, kó tó wá di ara LASUED. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ló sọ pé NCE ni kó jẹ́ ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́, ọdún 1998 ni wọ́n sì fi òpin sí Gíréèdì Tú. Ẹ wo bí èyí ṣe máa rí lórí ìwé: Gíréèdì Tú ń lọ sílẹ̀, NCE ń gòkè, NCE náà wá ń lọ sílẹ̀, dígírì ń gòkè. Ìlà mẹ́ta tó ń gba orí ara wọn kọjá, tí gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni kan náà, ìyẹn ẹni tó máa dúró níwájú pátákó tó ń kọ́ ọmọ pírámárì ní Ìmọ̀tà tàbí ní Àjárá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó láṣẹ tirẹ̀, wọ́n sábà máa ń so mọ́ yunifásítì kan. Ọmọ á jókòó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì á kọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúkọ yunifásítì tí wọ́n so mọ́ ló máa wà lórí ìwé-ẹ̀rí. Inú ìwé yunifásítì yẹn, tó lè wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn pátápátá, ni wọ́n ti máa ka dígírì náà. Ìyẹn ni pé dígírì ti ń jáde ní àyíká wa tipẹ́, kò kàn sí lórúkọ wa ni. Láti ọdún 2023 tí òfin tuntun ti fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti máa fúnni ní NCE àti dígírì pọ̀, irú ìfò bẹ́ẹ̀ máa hàn ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Ó yá, báwo la ṣe ń kà á? Ìwé ètò ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni kí ẹ wá, èyí tó nípọn bí ìwé ìròyìn ọdún, tí wọ́n ń tà tàbí pín lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí ẹ bá ṣí i, orúkọ fákọ́tì ló máa ń kọ́kọ́ wà lókè, lẹ́yìn náà orúkọ ẹ̀ka, lẹ́yìn náà irú oyè: B.Sc., B.A., B.Eng., B.Sc. (Ed.). Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n á ti to àwọn tó ní Fáàsì Kíláàsì sókè, Tú-Wán tẹ̀ lé wọn, Tú-Tú, Tọ́ọ̀dù. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, A sí Z. Ti àwọn tó gba másítà àti PhD máa ń wà lẹ́yìn, PhD sì sábà máa ń ní àkọlé iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ orúkọ.

Ẹ mú ìwé àjákọ kan, kí ẹ fa òpó méje: sáà tí wọ́n parí ìdánwò, ọdún ayẹyẹ, fákọ́tì, ẹ̀ka, irú oyè, kíláàsì, iye. Ìlà kan fún kíláàsì kan nínú ẹ̀ka kan. Ẹ má ka fákọ́tì lápapọ̀ kí ẹ sì sọ pé ó tó, torí fákọ́tì máa ń pín, ó sì máa ń dàpọ̀. Ẹ̀ka tó wà ní Sáyẹ́ǹsì lónìí lè wà ní fákọ́tì mìíràn lọ́dún mẹ́ta sí i. Tí ẹ bá ti kọ ẹ̀ka sílẹ̀, ẹ lè tò ó bí ẹ ṣe fẹ́ nígbàkígbà.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àfikún orúkọ. Ọmọ tí èsì rẹ̀ há síbì kan lọ́dún tó kọjá, bóyá nítorí kárí-ówà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, tàbí owó tí kò tíì san, orúkọ rẹ̀ á jáde nínú ìwé ọdún yìí lábẹ́ àfikún. Bí ẹ bá kà á mọ́ sáà yìí, ẹ ti bu sáà kan fún òmíràn. Ìkejì, iye tí ọ̀gá àgbà ń kà jáde nínú ọ̀rọ̀ ìkíni máa ń yàtọ̀ sí iye orúkọ tó wà nínú ìwé, torí pé nígbà mìíràn wọ́n ti ka dípúlómà àti PGD, ìyẹn dípúlómà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dígírì, mọ́ ọn. PGD kì í ṣe dígírì. Ìwé-ẹ̀rí gidi ni, ó wúlò dáadáa fún ẹni tó bá fẹ́ yí iṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ka dígírì, òpó tirẹ̀ yàtọ̀. Bákan náà ni ti ASCON tó wà ní Tọ́pò, Àgbádárìgì, láti 1973. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń lọ gbẹ̀kọ́ níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣàkóso fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, kò sí lára ìkà dígírì. Oyè tí wọ́n fi ń dá èèyàn lọ́lá náà kò sí níbẹ̀. Àjàyí Crowther, tó dé Àgbádárìgì ní 1845, gba Dókítà ìmọ̀ Ọlọ́run láti Oxford ní 1864. Iyì ńlá ni, àmọ́ ẹni tó ń ka àwọn tó jókòó ṣèdánwò kò ní kà á mọ́ wọn.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, èyí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń fi orúkọ nìkan pín in. Ta ló fẹ́ sọ fún mi bóyá Adéọlá, Bùsáyọ̀, Tèmítọ́pẹ́ tàbí Olúwaṣeun jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin? Orúkọ Yorùbá kì í sábà sọ ọ́. Bí ìwé náà kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ tààrà, ẹ fi òpó yẹn sílẹ̀ lófìfo. Òpó òfìfo sàn ju òpó irọ́ lọ.

Nọ́ńbà mátíríkì, níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ, wúra ni. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ọdún tí ọmọ wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17, tó sì jáde ní 2023 nínú kọ́ọ̀sì ọdún 4, ọdún 6 ló lò. Kí ẹ tó sọ pé ọmọ náà ló fà á, ẹ ka iye èèyàn tí tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni, ìyanṣẹ́lódì ni, kì í ṣe ọpọlọ.

Ìyanṣẹ́lódì yẹn ló ń ba ìlà jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ní 2020, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé, àrùn Kòrónà náà sì wà níbẹ̀. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ilé ẹ̀kọ́ tó kàn kò ní ṣe ayẹyẹ lọ́dún yẹn, á wá kó sáà méjì jọ ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ á rí 3,000, á rí òdo, á tún rí 6,400, á sì kọ ọ́ sórí Facebook pé ilé ẹ̀kọ́ náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹ kó ọdún mẹ́ta jọ kí ẹ fi 3 pín in: bíi 3,130 lọ́dún kan. Kò sí ìfò kankan. Fún iṣẹ́ irú èyí, n kì í gbẹ́kẹ̀ lé iye ọdún kan ṣoṣo rárá, ti ọdún mẹ́ta-mẹ́ta tí a pín ni kí ẹ máa lò. Àwọn yunifásítì aládàáni kì í bá wọn yanṣẹ́lódì, bíi Augustine tó wà ní Ìlárà, Ẹ̀pẹ́, láti 2015. Nítorí náà ìlà tiwọn máa ń tẹ́jú. Ẹ má fi ìlà tó tẹ́jú wé ti ẹlẹ́gùn-ún kí ẹ sì sọ pé èyí ni iṣẹ́ rẹ̀ dára jù.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí gan-an ni mo rò pé àwọn èèyàn kò fara balẹ̀ wò tó. Àgbọn gíga tí ẹ ń já ní Àgbádárìgì lónìí, bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹnì kan ti gbìn ín. Dígírì náà nìyẹn. Iye tó jáde lọ́dún yìí ń sọ ohun tí àwọn òbí àti ọmọ ń rò lọ́dún mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2011, owó ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kúrò ní ₦25,000, ó di láti ₦193,750 sí ₦348,750, bí kọ́ọ̀sì bá ṣe rí. Àwọn tó ń wọlé já wálẹ̀ gidigidi, àwọn ẹ̀ka kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọmọ. Ní 2014, ìjọba dá owó náà padà sí ₦25,000. Nígbà wo ló wá hàn nínú iye dígírì? Kì í ṣe ní 2011. Lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń jáde, torí àwọn tó wọlé ní 2007 àti 2008 ló ń parí. Ihò náà hàn láti 2015 lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá owó padà, tí ọmọ sì ti ń ya wọlé padà. Ẹni tó bá wo dígírì nìkan á ní ìgbà tí owó wálẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ fọ́. Òdìkejì gbáà ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìwé irú èyí tó gùn jù tiwa lọ, ìjọba wọn ń ka dígírì lọ́dọọdún láìfo, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yá tiwọn wò. Ní sáà 1970 sí 1971, dígírì àkọ́kọ́ tí wọ́n pín jẹ́ bí 840,000. Ní 2020 sí 2021, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2. Láti 1982 ni iye obìnrin tó ń gbà á ti ju ti ọkùnrin lọ níbẹ̀. Bísínẹ̀ẹ̀sì kúrò ní bí 115,000, ó di bí 390,000. Ẹ̀kọ́ olùkọ́, tó wà ní 176,000 nígbà náà, já sí bí 89,000. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Ìjánikin kí ẹ tó kígbe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ni mọ́. Apá kan nínú ìyẹn jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ń gba dígírì nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ni, wọ́n á wá ṣe ìwé-àṣẹ olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní tiwa, odò náà ń ṣàn sí òdìkejì: B.A. (Ed.) nínú Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń kà á sí, kì í ṣe abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní "Gẹ̀ẹ́sì ti kú" kò tíì wo ojú ewé kejì.

Èyí tó dùn jù nínú ìwé wọn ni kọ̀ǹpútà. 1971, bí 2,400 dígírì. 1986, bí 42,000. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó já wálẹ̀ sí bí 24,000. Ní 2004, 59,000. Ní 2009, 38,000. Ní 2021, ó ti lé ní 100,000. Kì í ṣe òkè tó ń gùn lọ tààrà, ìgbì òkun ni. Ẹ wo ti 2004 yẹn dáadáa. Ọdún 2000 ni ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni dígírì kọ̀ǹpútà wá pọ̀ jù! Àwọn tó wọlé nígbà tí ọjà ṣì ń gbóná ló ń jáde sínú ọjà tó ti tutù. Àwọn tó sá fún un lẹ́yìn tí ọjà wó ló hàn nínú 38,000 ti 2009, nígbà tí fóònù olóye ti ń gbòde, tí wọ́n sì tún ti ń wá oníkọ̀ǹpútà lójú méjèèjì. Bí ọmọ ilé yín bá ní "sáíbà" ni òun fẹ́ ṣe torí pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà yìí hàn án. Mi ò ní kó má ṣe é o. Mo ní kó má fi iye àwọn tó jáde lọ́dún yìí díwọ̀n ohun tó máa bá nígbà tóun náà bá jáde.

Nílé níbí, ìtàn iye yunifásítì kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀kan ní 1948, ní Ìbàdàn, orúkọ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà lórí ìwé-ẹ̀rí wọn títí wọ́n fi dá dúró ní 1962. Nígbà tí ọdún 1962 fi máa parí, márùn-ún ti wà. Aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ gbàṣẹ ní 1999. Lónìí gbogbo yunifásítì ti lé ní 270, débi pé ní 2025 ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ò ní dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ mọ́ fún ọdún 7. Síbẹ̀, àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù JAMB ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 1.9, ààyè ní yunifásítì kò sì tó ìdajì wọn. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun kò tíì ní ju ọmọ díẹ̀ lọ.

Ohun tó máa da ìkà rú láìpẹ́ ni CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2023/2024. NUC ló ń pèsè 70% nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi 30% kún un. Àwọn kọ́ọ̀sì ńláńlá ti di ìpín-ìpín. Máàsì Kọ́mú, tí gbogbo wa mọ̀, ti pín sí méje: iṣẹ́ akọ̀ròyìn, ìpolówó ọjà, ìbáráàlú sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fíìmù, àti àwọn méjì tó kù. Sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà náà ní àwọn àbúrò báyìí, sọ́fítíwíà, sáíbà, détà. Nígbà tí àwọn ọmọ sáà yẹn bá ń jáde, ẹ máa rí i pé Máàsì Kọ́mú já sí òdo ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan. Kò kú, ó bímọ ni. Nínú ìwé àjákọ yín, ẹ fi òpó kan kún un fún ìyá kọ́ọ̀sì, kí ẹ kọ "Máàsì Kọ́mú" síwájú gbogbo àwọn méje, kí ìlà àtijọ́ má bàa já. Fámásì náà ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ti kúrò ní B.Pharm. ọdún 5 bọ́ sí Pharm.D. ọdún 6, nítorí náà, ní bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ṣe pààrọ̀, ọdún kan gbáko lè kọjá tí ẹnì kankan kò jáde.

Ti Fáàsì Kíláàsì, n ó sáré sọ ọ́. Lórí ìwọ̀n 5, láti 4.50 ni. Ìbàdàn lo ìwọ̀n 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí 6.0 ti jẹ́ Fáàsì. Ẹ má fi 4.6 ti ibì kan wé 5.8 ti ibòmíràn. Ẹ má sì ka iye Fáàsì lásán: Fáàsì 40 nínú ọmọ 400 àti Fáàsì 60 nínú ọmọ 1,200 kò dọ́gba, 10% ni ti àkọ́kọ́, 5% ni ti ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkejì ni ìwé ìròyìn máa gbé.

Fún òbí tó fẹ́ fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di yunifásítì, ìfọwọ́sí NUC lórí kọ́ọ̀sì gan-an ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan. NUC máa ń kọ́kọ́ wá wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwé kíkà àti àwọn olùkọ́ kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ń fún wọn láyè láti gba ọmọ ni. Ìfọwọ́sí gidi ń bọ̀ nígbà tí ọmọ bá ti gun ìpele òkè: èyí tó pé ń lo ọdún 5, èyí tó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ń lo ọdún 2 kí wọ́n tó padà wá wò ó. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun. Fún ẹnjiníà, COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ sì rí i pé ọmọ gba ààyè rẹ̀ lórí CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń gba ọmọ sílé ẹ̀kọ́, èyí tó ti wà láti 2017. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ gbà láìgba orí CAPS lè kàwé dópin, kó wà nínú ìwé ètò, kó ya fọ́tò pẹ̀lú gáùn, kó wá di ọjọ́ tó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ kí orúkọ rẹ̀ má sí níbì kankan. Ẹni tó bá kàwé lápá kan, tó ń ṣiṣẹ́ lápá kan, kì í lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ìwé pé kò sí lára àwọn tó ń sìn ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde ń gba ìwé ìdásílẹ̀. Ìwé méjèèjì yàtọ̀ síra, ibi iṣẹ́ kan lè béèrè ìyàtọ̀ yẹn.

Ohun kan ló kù tí ẹ máa rí láìpẹ́ ní Ìkòròdú. Ẹ mú ọmọ tó wọ ìpele kìíní ní sáà 2022/2023. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣàkóso ọdún 4 ló ń ṣe, sáà 2025/2026 ló máa parí. Tó bá jẹ́ ẹnjiníà tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ń lo ọdún 5, sáà 2026/2027 ni. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà Direct Entry wọ ìpele kejì á ti ṣáájú wọn. Nínú ìwé ètò àwọn àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ojú ewé ẹnjiníà àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa tín-ín-rín, ti ìṣàkóso máa kún. Àwọn kan máa sọ pé àwọn ọmọ wa ti sá fún ẹnjiníà, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́ nínú ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ayé pólì. Ẹ dúró de ìwé ètò ọdún tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó fa ìlà.